Wáàsí Jímọ̀: Ìjì Ilẹ̀ Filipínì àti Ràkúnmí Tí A Kò So

Assalamu alaikum warahmatullahi wabarakatuh. Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ẹ kú Jímọ̀ o. Kí Ọlọ́hun gbà á ní ìbáádà.

Ọjọ́ Jímọ̀ bí irú òní ni ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 2013. Ìdájí ni, àsìkò Àsùbáà, nígbà tí ìjì tí wọ́n sọ ní Yolanda já wọ ìlú Guiuan ní erékùṣù Samar, lórílẹ̀-èdè Filipínì. Afẹ́fẹ́ kan náà tí èmi àti ẹ̀yin ń mí sí imú ni, àmọ́ lọ́jọ́ náà, eré tó ń sá ju 300 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Nígbà tó máa fi di àárọ̀, ó ti dé ìlú Tacloban ní erékùṣù Leyte, ó sì ti ti òkun wọ ìgboro. Omi ga tó mítà 5 láwọn ibì kan. Ní àdúgbò Anibong, àwọn ọkọ̀ ojú omi ńláńlá, onírin, ni òkun gbé sókè tó sì kó lé orí ilé àwọn tálákà tó ń gbé etí omi. Iye òkú tí ìjọba kà jẹ́ 6,300. Àwọn tó lé ní 1,000 kò sì ṣeé rí mọ́.

Subhanallah.

Filipínì ní erékùṣù tó lé ní 7,600, ó sì kọjú sí òkun Pàsífíìkì. Oòrùn a máa pa omi òkun náà títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ooru omi náà á gòkè, á di ìkùukùu, afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí i po, á sì máa bọ̀ láìsí òkè kan tó dí i lọ́nà. Nǹkan bí 20 irú ìjì bẹ́ẹ̀ ló ń wọ sàkáání wọn lọ́dọọdún, bíi 8 tàbí 9 nínú wọn a sì kọlu ilẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí níbi kan náà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 1897, ìjì kan kọlu Samar àti Leyte, òkun gun ilẹ̀, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. José Algué, àlùfáà Kátólíìkì tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ní Manila nígbà náà, kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Àkọsílẹ̀ wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìran tó rí i ti lọ. Nígbà tí wọ́n kéde Yolanda, ọ̀pọ̀ múra sílẹ̀ de afẹ́fẹ́: wọ́n kan fèrèsé pa, àwọn ọkùnrin dúró ti ilé kí olè má bàa wọlé. Omi ló sì wá pa wọ́n. Kódà, àwọn ibì kan tí wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ fún ààbò, omi wọ ibẹ̀ bá wọn.

Ẹ jẹ́ ká tún wo ìlú Ormoc, ní Leyte yẹn náà. Ìjì tó wá ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ọdún 1991 kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Òjò ló rọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gé igbó orí òkè ìlú náà kúrò, ìrèké àti àgbọn ló kù níbẹ̀, kò sí gbòǹgbò tí yóò mu omi, kò sí èyí tí yóò di ilẹ̀ mú. Àgbàrá já wálẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ àti ìtì igi, ó sì gbá àdúgbò Isla Verde tó wà létí odò lọ. Àwọn ènìyàn bíi 5,000 ló kú láàárín wákàtí díẹ̀. Ọlọ́hun sọ nínú Suuratu Ruum, aaya 41, pé ìbàjẹ́ ti hàn lórí ilẹ̀ àti lójú òkun nítorí ohun tí ọwọ́ àwọn ènìyàn ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń da pàǹtí sójú àgbàrá, tí ẹ ń kọ́lé sójú ọ̀nà omi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka aaya náà nílé.

Mo gbọ́ táwọn kan ń sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ ló fà á. Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ta ló fi ìwé iṣẹ́ wọn hàn yín? Ọjọ́ Jímọ̀ náà ni ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 2017, tí ìjì kan mú àgbàrá wọ ìpínlẹ̀ Lanao méjèèjì, Lanao del Norte àti Lanao del Sur, ní erékùṣù Mindanao ní Filipínì náà. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Lanao del Sur. Àwọn tí ogun ìlú Marawi ṣẹ̀ṣẹ̀ lé kúrò nílé ṣì wà lágbègbè náà. Ànọ́bì wa, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé Mùsùlùmí tó kú sómi àti ẹni tí ilé wó pa jẹ́ ṣàídì, ìyẹn ajẹ́rìíkú. Ìyá wa Áíṣà, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, ròyìn pé bí ojú ọ̀run bá ṣú, àwọ̀ Ànọ́bì a máa yí padà, á máa jáde, á máa wọlé, títí òjò yóò fi rọ̀ tí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Ó rántí ìran Áàdì, tí wọ́n rí ìkùukùu tí wọ́n sì ní òjò ló ń bọ̀, àṣé ìjì tí yóò pa wọ́n run ni. Ara rẹ̀ ló ń bẹ̀rù fún, kò nàka sí ẹlòmíràn.

Erékùṣù kékeré kan wà lẹ́bàá erékùṣù Cebu ní Filipínì, Tulang Diyot lorúkọ rẹ̀. Nǹkan bí 1,000 ènìyàn ló ń gbé ibẹ̀. Kí Yolanda tó dé, wọ́n kó gbogbo wọn sọdá omi, tọmọdé tàgbà. Ilé bíi 500 ló wà níbẹ̀, ìjì wó gbogbo rẹ̀ pátá. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó kú! Kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ o: ìlú San Francisco ti Filipínì, kì í ṣe ti Amẹ́ríkà, tó ni erékùṣù náà ti ń kọ́ wọn tipẹ́, débi pé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti fún ìlú náà lẹ́bùn lórí rẹ̀ ní 2011.

Ọkùnrin kan bi Ànọ́bì léèrè pé, ṣé kí n so ràkúnmí mi kí n gbára lé Ọlọ́hun ni, àbí kí n tú u sílẹ̀ kí n gbára lé E? Ó ní: “So ó, kí o sì gbára lé Ọlọ́hun.” Hádíìsì náà wà nínú àkójọ Tirmidhi. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí ẹ kúrò níbi kan nítorí omi tó ń bọ̀, ẹ má fi “Ọlọ́hun ń bẹ” dá wọn lóhùn. Ẹ gbé ìyá yín àgbàlagbà, ẹ kó àwọn ọmọ, kí ẹ lọ.

Bí afẹ́fẹ́ bá sì ń jà, ẹ má bú u. Ohun tí Ànọ́bì máa ń sọ ni: “Allahumma inni as’aluka khayraha wa khayra ma fiha wa khayra ma ursilat bih, wa a’udhu bika min sharriha wa sharri ma fiha wa sharri ma ursilat bih.” Ó ń tọrọ oore afẹ́fẹ́ náà, oore inú rẹ̀ àti oore ohun tí a fi rán an, ó sì ń sá di Ọlọ́hun níbi aburú rẹ̀, aburú inú rẹ̀ àti aburú ohun tí a fi rán an. Ẹ fi kọ́ àwọn ọmọ yín.

Tí ẹ bá jókòó fún dúà lónìí láàárín Àlàásárì sí Màgáríbì, ẹ fi àwọn ará wa ní Lanao sí i.