Bàìbàì Ni, Ṣùgbọ́n Mo Ti Ń Ríran

Ẹ kú òwúrọ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. Ẹ kú ìdúró.

Àwọn tó ti ń gbàdúrà tipẹ́ ni ọkàn mi wà lọ́dọ̀ wọn lọ́sẹ̀ yìí. Ó ti ń rẹ̀ wọ́n. Ìdáhùn sì ti ń yọjú, àmọ́ wọn ò kà á sí, torí kò tíì tó bí wọ́n ṣe tọrọ rẹ̀.

Ẹ ṣí Máàkù 8:22-25. Ní Bẹtisáídà, wọ́n mú afọ́jú kan wá bá Jésù. Olúwa fà á lọ́wọ́ jáde sẹ́yìn ìletò, ó tutọ́ sí i lójú, ó gbọ́wọ́ lé e, ó wá bi í bóyá ó rí nǹkan kan. Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó ní òun rí àwọn ènìyàn bí igi, wọ́n ń rìn.

Ẹ bá mi wò ó dáadáa. Kò tíì lè dá ojú mọ̀ yàtọ̀ sí imú. Nǹkan gíga gíga kan ṣáá ló ń kọjá níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n igi kì í rìn! Nínú bàìbàì yẹn náà ló ti mọ̀ pé ènìyàn ni. Kò ní òun ò rí nǹkan kan, kò sì purọ́ pé ó ti mọ́ kedere. Ohun tó rí ló sọ, ó sì dúró síbẹ̀ títí Olúwa fi tún gbọ́wọ́ lé e lójú, tó wá rí ohun gbogbo gbangba.

Ojú ẹsẹ̀ ni ojú Bátíméù, afọ́jú mìíràn tí Jésù wò sàn, là ní Jẹ́ríkò. Jésù kan náà ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ẹ̀rí ẹlòmíràn wọn tiyín.

Ìyá tí kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́ lórí ibùsùn, tó wá lajú lánàá tó ní òun fẹ́ mu omi: ẹ dúpẹ́ lórí omi yẹn. Ọmọ tó ti kẹ̀yìn sílé, tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ráńpẹ́ kí yín: ẹ gbé e lọ síwájú Ọlọ́run.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba wa, a dúpẹ́ fún ìwọ̀nba tí ojú wa ti tó. Oorun díẹ̀ tó padà sójú, ara tó fúyẹ́ ju ti àná lọ, ẹni tó ṣàdédé rántí wa: ọwọ́ rẹ ni, a mọ̀ ọ́n.

Olúwa, fa ẹni tó ń ka èyí pẹ̀lú omijé lọ́wọ́. Má fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Má jẹ̀ẹ́ kó fìbínú dìde nígbà tó ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Jésù, tún fọwọ́ kàn wá! Ohun tí o bẹ̀rẹ̀ lára aláìsàn yẹn, parí i. Ohun tí o bẹ̀rẹ̀ lọ́kàn ọmọ yẹn, parí i. Ohun tí o bẹ̀rẹ̀ nínú arábìnrin tó ń wojú rẹ fún ọmọ, Olúwa, parí i!

Ohùn tó ń sọ fún wa lóru pé o ti gbàgbé wa, pa á lẹ́nu mọ́! Agbára tó ń sọ ìbẹ̀rẹ̀ rere di àpatì, fọ́ ọ túútúú! Ìdáhùn tó ti yọrí kò ní padà sẹ́yìn, kò ní bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, kò ní já sófo, ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa.

Àmín. Àmín. Àmín o!