Ọwọ́ Uthman lábẹ́ igi Hudaibiyyah

As-salaamu alaikum warahmatullahi wabarakaatuh, ẹ̀yin ìjọ Mùsùlùmí. A kú Jímọ̀ òní o. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ń mú lókè òkun, àti ojúṣe ìjọba wa lórí wọn, ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ní ọdún kẹfà Hijira, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kó àwọn sàhábà bí 1,400 jáde ní Mọdínà láti lọ ṣe Umrah. Nígbà tí wọ́n dé Hudaibiyyah, ó rán Uthman ọmọ Affan sí àwọn Kuraiṣi ní Mẹ́kà pé ìjọsìn làwọn bá wá, àwọn ò bá ogun wá. Uthman ò tètè dé. Wọ́n ti dá a dúró níbẹ̀, ìròyìn sì kàn pé wọ́n ti pa á.

Ànábì ò sọ pé ẹnì kan ṣoṣo ni, ẹ jẹ́ ká máa bá tiwa lọ. Ó dúró sábẹ́ igi, ó gba àdéhùn lọ́wọ́ gbogbo wọn pé àwọn ò ní sá. Nígbà tó kan Uthman tí kò sí níbẹ̀, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀ sókè, ó ní ọwọ́ Uthman nìyí, ó sì fi lé ọwọ́ rẹ̀ kejì. Àdéhùn yìí ni Ọlọ́hun yọ́nú sí nínú Súúrà Fat'hu, ẹsẹ 18.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan gbéra láti Kano. Umrah lòun náà ń lọ. Àwọn ọ̀dájú kan ní pápákọ̀ òfuurufú ti lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ báàgì tí tramadol wà nínú rẹ̀, báàgì tí kì í ṣe tirẹ̀! Saudi mú un, ẹ̀sùn tó lè la ikú lọ sì ni lọ́dọ̀ wọn. Bàbá rẹ̀ kígbe, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn, NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, mú àwọn afurasí, ìjọba wa bá Saudi sọ̀rọ̀, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin 2019. Alhamdulillah. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kìíní oṣù yẹn kan náà, ní Mẹ́kà, wọ́n ti pa obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan lórí ẹ̀sùn oògùn olóró.

Ẹni tí kò ní bàbá tó lè kígbe ńkọ́? Ṣé dandan ni kí ariwo gbòde kí ìjọba tó dìde?

Mi ò ní kí ìjọba lọ bo ọ̀daràn mọ́lẹ̀ o. Ọlọ́hun kọ̀ fún wa pé ká ṣe alágbàwí àwọn oníjàǹbá (Súúrà Nisaa, ẹsẹ 105). Ṣùgbọ́n àdéhùn Vienna ti ọdún 1963 lórí iṣẹ́ àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè sí ilẹ̀ òkèèrè, tí Nàìjíríà àti Saudi jọ wà nínú rẹ̀, fún ẹni tí wọ́n bá mú lẹ́tọ̀ọ́ láti ránṣẹ́ sí aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀, kí wọ́n lọ wò ó látìmọ́lé, kí wọ́n bá a wá agbẹjọ́rò. Ọjọ́ tí wọ́n mú un gan-an ló yẹ kí iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí adájọ́ bá ti dájọ́ ikú tán. Ànábì pàṣẹ nínú hàdíìsì Bukhari pé ká tú òǹdè sílẹ̀, ká bọ́ ẹni tí ebi ń pa, ká bẹ aláìsàn wò. Ta ni agbára rẹ̀ ká ti àkọ́kọ́ yẹn bí kò ṣe ìjọba?

Ẹ̀yin tó ń lọ Umrah, ẹ ka orúkọ àti nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ báàgì yín kí ẹ tó kúrò níwájú òṣìṣẹ́, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù, ì báà jẹ́ ẹbí. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà látìmọ́lé lókè òkun, ẹ má torí ìtìjú dákẹ́. Ẹ kọ̀wé sí NIDCOM, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà lókè òkun, àti iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Àbújá, ẹ fún aṣojú ẹkùn yín ní ẹ̀dà kan, kí lémọ́mù àdúgbò yín sì bá yín fọwọ́ sí i.