Ìdíkọ̀ Rélùwéè Ọ̀ffà: Ìtàn Rẹ̀ àti Ohun tó Yẹ kí A Tọ́jú

Ẹ̀yin olùwòran wa, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ìdíkọ̀ rélùwéè ìlú Ọ̀ffà ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí.

Ọdún 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó la Ọ̀ffà kọjá, ó sì wọ Ìlọrin ní 1908. Ìgbà tí afárá Jẹ́bà parí ní 1916 ni ọkọ̀ tó gbéra l'Ékòó tó lè dé Kánò láìjẹ́ pé wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé e sọdá Odò Ọya.

Nítorí pé ojú irin kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ́, ìdíkọ̀ nìkan ni ọkọ̀ kan ti lè yà fún èkejì. Ẹ̀mí èrò wà lọ́wọ́ ọ̀gá ìdíkọ̀ tó ń fún awakọ̀ láṣẹ àtiṣí. Obì ilẹ̀ Yorùbá ń gba ibẹ̀ lọ sókè Ọya, màlúù ń ti ọ̀hún bọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín ló sì gba ibẹ̀ wá iṣẹ́ ajé lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì ìgbà náà, páálí kékeré tó le ni, kò ju ìka méjì lọ ní fífẹ̀; akọ̀wé a tì í bọ ẹnu ẹ̀rọ tó ń tẹ ọjọ́ sí i, kó tó nà án sí èrò láti ojú fèrèsé.

Ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021 kò kọjá Ìbàdàn, ìdíkọ̀ tuntun sì ni wọ́n kọ́ fún un. Bó bá gòkè dé Ọ̀ffà lọ́la, ẹ̀rù ń bà mí pé ti àtijọ́ lè di ahoro. Bẹ́ẹ̀, àtúnṣe kì í ṣe ohun tí apá kò ká: Jaekel House ní Ebute Metta, ilé ọdún 1898, ẹgbẹ́ Legacy, tó ń dáàbò bo àwọn ilé àtijọ́, ló tún un ṣe, ó sì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè.

Ní tèmi, òrùlé ni kí á kọ́kọ́ mójú tó, torí omi òjò ló ń pa ilé àtijọ́ ju ohunkóhun lọ. Ọ̀dà nìkan kọ́ ni ìtọ́jú. Kí wọ́n kó ìwé àkọsílẹ̀ àti tíkẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ́ kù kúrò níbi tí ikán lè dé, kí àwọn ọ̀dọ́ ìlú sì fi fóònù gba ohùn àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì sílẹ̀, kí wọ́n bi wọ́n ní iye owó ọkọ̀, orúkọ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, àti ohun tí àwọn ìyá ń tà lójú fèrèsé ọkọ̀.