Ibi Tí Eyín Dídí Ti Ń Jò

Ẹ wo eyín ẹ̀yìn yìí. Kòkòrò jẹ ẹ́, wọ́n sì fi kọ̀ǹpósíìtì, ohun ìdíhò tó láwọ̀ eyín, dí i. Lókè, ó dán, ó mọ́. Síbẹ̀, tí ẹni tó ni ín bá mu omi tútù, eyín náà á ta á. Ìsàlẹ̀ ni ó ti ń jò, láàárín eyín méjì, níbi tí ẹran ìdí eyín ti bò ó.

Kọ̀ǹpósíìtì rọ̀ bí àmọ̀ nígbà tí wọ́n ń kì í sínú ihò. Iná búlúù ló ń mú un le, bó sì ṣe ń le ló ń súnkì, tó ìdá 2 sí 3 nínú 100. Ihò eyín kì í bá a súnkì. Níbi tó bá ti lẹ̀ dáadáa, á dúró. Níbi tí kò bá ti lẹ̀, á ṣí. Ojú lásán kò lè rí àlàfo náà, ṣùgbọ́n ó gba kòkòrò àìfojúrí: bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ìpín kan péré ló tó ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìsàlẹ̀? Lókè, énámẹ́lì wà, èèpo líle ara eyín. Ásíìdì fọsfọ́ríìkì ìdá 37 nínú 100, fún ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 30, á sọ ọ́ di ṣákiṣàki, gọ́ọ̀mù, ohun olómi tó ń lẹ kọ̀ǹpósíìtì mọ́ eyín, á sì rá wọ inú rẹ̀. Láti 1955, tí Michael Buonocore ti fi ọ̀nà ásíìdì yìí hàn, ìlẹ̀mọ́ra énámẹ́lì kì í sábà já wa kulẹ̀. Nítòsí gbòǹgbò, énámẹ́lì ti fẹ́lẹ́ tàbí kó ti tán. Dẹ́ntìnì, ara eyín tó wà lábẹ́ énámẹ́lì, ló kù, omi sì wà nínú rẹ̀. Ásíìdì kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ lórí rẹ̀. Tí ẹ̀yin tó ń dí eyín bá fi atẹ́gùn gbẹ ẹ́ jù, àwọn okùn tín-ín-rín inú rẹ̀ á wó pọ̀, gọ́ọ̀mù kò ní ráyè wọlé. Tí omi bá dúró síbẹ̀, á pò mọ́ gọ́ọ̀mù. Kó ṣáà máa dán, kó má rin. Lẹ́yìn náà, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí gọ́ọ̀mù títí kò fi ní mì mọ́, kí ẹ tó tan iná sí i.

Itọ́ ni ọ̀tá tó burú jù. Rọ́bà pẹlẹbẹ tí a ń ta yí eyín ká kì í ṣe àfikún lójú tiwa. Láìsí i, ìsàlẹ̀ yẹn kì í gbẹ. Bí itọ́ bá kan eyín lẹ́yìn ásíìdì, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ tún fi ásíìdì díẹ̀ sí i.

Ẹ máa ki kọ̀ǹpósíìtì ní ìpele-ìpele, kí ìkọ̀ọ̀kan má ju mìlímítà 2 lọ, ẹ sì tan iná sí i fún ìṣẹ́jú àáyá 20 ó kéré tán. Ìpele àkọ́kọ́ ló jìnnà sí iná jù, nítorí náà ẹ fi kún àkókò tiẹ̀. Níbi tí énámẹ́lì kò bá sí rárá, gíláàsì àyónómà, irú ohun ìdíhò mìíràn, ni a máa ń kọ́kọ́ tẹ́ sísàlẹ̀, torí òun fúnra rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ dẹ́ntìnì.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti dí eyín yín ńkọ́? Kí omi tútù máa ta eyín lọ́jọ́ mélòó kan kì í ṣe tuntun. Tó bá pẹ́, tàbí tó ń dùn yín tí ẹ bá jẹ nǹkan, tàbí tí òwú ìfọyín ń já létí ibẹ̀, ẹ padà lọ. Ìlà pupa rẹ́súrẹ́sú létí rẹ̀ lè jẹ́ àbàwọ́n tíì tàbí obì lásán. Bó bá sì jẹ́ pé etí kan ṣoṣo ló jò, ẹ bi dókítà bóyá ó lè gbẹ́ ibẹ̀ nìkan kó tún un dí, torí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yọ odindi ni ihò náà ń fẹ̀ sí i.