Ẹnu Ló Dúpẹ́ Yẹn, Ọkàn Ńkọ́?

Ẹ wo aṣọ yìí dáadáa. Màmá aláró ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á jáde nínú ìkòkò aró ni. Àwọ̀ ewé ló ní, àbí? Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní wọ́n ti ba aṣọ jẹ́. Ẹ má tíì sọ nǹkan kan, ẹ ṣáà máa wò ó. Atẹ́gùn ti ń kàn án. Etí rẹ̀ ti ń dúdú bọ̀... ó ti wọ àárín... ó ti parí. Kò sẹ́ni tó tún kun nǹkan kan sí i lẹ́yìn tó jáde, àmọ́ aṣọ tó jáde bí ewé ti di aró lójú gbogbo wa.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olùwòran wa. Òṣogbo la wà lónìí, Òṣogbo ìlú aró. Ọ̀rọ̀ àṣeyọrí la fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n mi ò ní kó yín lọ síwájú ilé alájà mẹ́ta tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò tuntun kankan. Ìdí ìkòkò aró la ó ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè tó bá mi délé.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, Èkó ni mo ń gbé. Iṣẹ́ ń lọ, owó ń wọlé. Mo ti ra mọ́tò, àwọn tí a jọ kàwé ti ń pè mí ní ọ̀gá, àwọn ẹbí ò sì lè ṣe ìnáwó kí wọ́n má wá mi kàn. Oorun nìkan ni mi ò rí sùn. Tó bá ti di aago mẹ́ta òru, ojú mi á là, ọwọ́ mi á ti wà lára fóònù: ta ló ra ilé, ta ló lọ sí Dubai, ta ló ṣe ọjọ́ ìbí tí kò pè mí. Mo wá sílé fún ọdún Ọ̀ṣun, mo sì sin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá gba aṣọ lọ́wọ́ Màmá. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Òo, kú àbọ̀, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà lo dé?"

"A dúpẹ́, mà."

Wọ́n wò mí títí. "Ẹnu rẹ ló dúpẹ́ yẹn. Ọkàn rẹ ńkọ́, ṣé ó balẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ó balẹ̀. Wọ́n padà sídìí aró wọn. Irọ́ ni mo pa, wọ́n sì mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ yẹn wò, torí pé ojoojúmọ́ là ń sọ ọ́ tí a kì í gbọ́ ọ. Kí ló ń balẹ̀? Ẹyẹ ni. Ẹyẹ fò, ẹyẹ bà. Bàlúù náà, tó bá ti dé pápákọ̀ òfurufú, a ó ní ó ti balẹ̀. Àwọn tó ṣẹ̀dá èdè yìí wá mú ọkàn èèyàn, wọ́n fi ṣe nǹkan abìyẹ́. Ó lè fò. Ó lè máa rá bàbà lókè láti àárọ̀ dalẹ́. Kò sì burú kí ẹyẹ fò, ibi tó ti ń wá oúnjẹ nìyẹn. Àmọ́ ẹyẹ tí kò bá rí ibi bà, ìyẹ́ tó fi ń fò gan-an ni yóò pa á. Ìfọ̀kànbalẹ̀ kì í ṣe pé kéèyàn káwọ́ gbera, kó jókòó sójú kan. Pé ibì kan wà tí ọkàn lè bà sí ni.

Ibo wá ni ibẹ̀? Lójú àwọn baba wa, orí ni. Kì í ṣe èyí tí a ń fá tí a ń dì o. Orí inú ni wọ́n ń sọ, èyí tí a yàn ká tó wáyé. Èyí tó wà lọ́rùn yìí, àpótí rẹ̀ lásán ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kò sóòṣà tí í dá ni í gbè lẹ́yìn orí ẹni.

Mo fẹ́ràn ìtàn bí wọ́n ṣe ń yan orí yìí gan-an, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ díẹ̀. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ni wọ́n: Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ń ti ọ̀run bọ̀ wá sílé ayé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya ilé Àjàlá, ẹni tó ń mọ orí, lọ gba orí. Wọ́n kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má yà síbi kankan. Àwọn méjì ò yà lóòótọ́. Wọ́n dé ilé Àjàlá, wọn ò bá a, wọ́n wọ inú yàrá, wọ́n mú orí tó tóbi jù, tó ń dán jù, wọ́n bá tiwọn lọ. Wọn ò mọ̀ pé iná ò jinná sí àwọn orí yẹn. Òjò ká wọn mọ́nà, òjò pa wọ́n pa wọ́n, orí ń ṣí wẹ́wẹ́. Ìgbà tí wọ́n fi máa dé ayé, kò kù sí i. Wọ́n ṣiṣẹ́ títí, èrè gbogbo ń lọ síbi títún orí tó ti jẹ ṣe.

Afùwàpẹ́ lọ kí bàbá rẹ̀. Wọ́n dífá fún un, ó rúbọ, wọ́n di iyọ̀ àti owó fún un dání. Ó rí ẹni tó ń fi eérú se ọbẹ̀ lójú ọ̀nà, ó fi iyọ̀ hàn án. Onítọ̀hún ló wá sọ àṣírí Àjàlá fún un: ọ̀gá amọrí yìí, gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, orí àjà ló máa ń sá sí tí olówó bá ti dé! Mo máa ń rẹ́rìn-ín níbí. Ẹni tó ń mọ orí fún gbogbo ayé, òun náà ń sá fún olówó. Afùwàpẹ́ san gbèsè yẹn, Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó mú un wọ yàrá, ó fi irin kan àwọn orí náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì bá a mú èyí tó jinná. Òjò pa òun náà lójú ọ̀nà. Omi ń ṣàn kúrò lórí rẹ̀ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibi tí owó ti wúlò nínú ìtàn yìí. Kì í ṣe pé Afùwàpẹ́ kò ní owó. Owó rẹ̀ ló fi tọ́jú orí rẹ̀. Nígbà tí owó ẹyọ ṣì jẹ́ owó ná, àwọn baba wa ń ṣe nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní ilé orí. Ohun kékeré tó dúró fún orí inú ẹni ni wọ́n ń fi sínú rẹ̀. Awọ tàbí aṣọ ni wọ́n fi ń ṣe ilé náà, wọ́n á wá gán owó ẹyọ mọ́ gbogbo ara rẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja. Àwọn kan wà ní mùsíọ́ọ̀mù lónìí. Bọ́wọ́ ẹni bá ṣe tó ni ẹyọ rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Owó gidi ni o, tí wọ́n lè gbé lọ sọ́jà. Wọ́n fi ṣe aṣọ fún orí. Èyí tí èmi ń ṣe ní Èkó, òdìkejì rẹ̀ ni: mo sọ orí di alágbàṣe, kó máa bá mi wá ẹyọ kiri.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ ṣá. Mi ò sọ pé òṣì dára. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ẹni tí kò rówó ilé-ìwé ọmọ san kò sì nílò ẹni tí yóò máa wàásù ìtẹ́lọ́rùn fún un. Ìlú tó pe ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé kò kórìíra owó. Ohun tí Ifá wí ni pé ẹni tó lówó tí kò níwà, owó olówó ló ní. Ilé tó kọ́, ilé onílé ni. Ní Òṣogbo yìí, tó jẹ́ pé mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti oníṣẹ̀ṣe lè jọ máa pín omi kàǹga kan lò, ibi kan náà lọ̀rọ̀ ń já sí. Àwọn álífáà á ní Ànábì sọ pé ọ̀pọ̀ dúkìá kọ́ ni ọrọ̀, ọrọ̀ ọkàn ni ọrọ̀. Àwọn pásítọ̀ á ní ìwà-bí-Ọlọ́run pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn, èrè ńlá ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sí Igbó Ọ̀ṣun.

Bí a ṣe ń lọ, ẹ gbọ́ ìtàn orúkọ ìlú yìí, torí ọ̀rọ̀ aró náà ni. Wọ́n ní omi ló wọ́n wọn ní ìlú Ìpolé tí Láròóyè, olórí wọn, àti ọdẹ Tìmẹ́hìn fi wá dé etí odò yìí. Wọ́n ń ṣán igbó, wọ́n gé igi kan, igi wó sínú odò. Ohùn kan ta láti inú omi: "Ẹ̀yin oṣó inú igbó, ẹ ti fọ́ ìkòkò aró mi!" Oṣó igbó, Òṣogbo. Àwọn èèyàn tí wọ́n wá wá omi mu, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bá pàdé ni pé ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tẹ̀dó sí ní aláró tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú wọn. Wọ́n bá Ọ̀ṣun mulẹ̀, wọ́n sún sókè díẹ̀, àdéhùn yẹn la sì ń ṣọdún rẹ̀ ní oṣù Ògọ́ọ̀sì títí dòní.

A ti dé. Ẹ gbọ́ bó ṣe dákẹ́ tó. Igbó yìí tó hẹ́kítà 75, odò sì gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọn ère tí ẹ ń wò yìí, tí wọ́n nawọ́ sókè bí igi, Àdùnní Olórìṣà àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ló mọ wọ́n. Susanne Wenger lorúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní Graz ní ilẹ̀ Austria ní 1915. Ní 1950, ó bá ọkọ rẹ̀, Ulli Beier, wá sí Ìbàdàn, níbi tí ọkọ ti ríṣẹ́ sí yunifásítì. Kò pẹ́ sígbà náà ni ikọ́ ife dá a gúnlẹ̀. Ìgbà tó gbádùn, ó bá àwọn olórìṣà pàdé ní Ẹdẹ, Àjàgẹmọ, àwòrò Ọbàtálá, sì mú un wọnú ìsìn náà. Ó lè jókòó sáàárín àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì kó máa mu tíì. Òṣogbo ló gbà, kò sì padà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́.

Igbó yìí ti ń bà jẹ́ nígbà náà. Wọ́n ń gé igi, àwọn ojúbọ ń wó. Òun àti àwọn ọmọ ìlú ló gbé e dìde. Adébísí Àkànjí wà níbẹ̀, bíríkìlà ni. Kàsálí Àkàngbé wà níbẹ̀, agbẹ́gilére. Sìmẹ́ǹtì àti amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, òjò sì ń jẹ ẹ́ lọ́dọọdún. Iṣẹ́ tó jẹ́ pé bó o bá parí ti apá ọ̀tún, ti apá òsì á ti máa sán! Ní 1965, ìjọba sọ apá kan ibẹ̀ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 2005, UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún àgbáyé. Àdùnní kú ní oṣù kìíní ọdún 2009, ẹni ọdún 93, inú igbó yìí náà sì ni wọ́n sin ín sí.

Àwọn kan máa ń bínú pé kí ló dé tó jẹ́ òyìnbó ló wá bá wa tún ojúbọ wa ṣe. Mi ò bá wọn jà. Ìbéèrè tèmi ni pé, ta ni ì bá rí obìnrin yẹn lórí àkàbà, pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́, ní ọdún kejìlá tàbí ogún tó ti ń ṣe é, kó sọ pé olóríire nìyẹn? Bí fóònù bá wà nígbà yẹn, a ó kàn fi òǹtẹ̀ ẹ̀rín sí i, a ó kọjá.

Ọ̀nà tí a gbà wọlé yìí náà ni arugbá máa ń gbà lọ́jọ́ àṣekágbá ọdún. Ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ ni, láti ìdílé ọba. Igbá ẹbọ gbogbo ìlú wà lórí rẹ̀, wọ́n fi aṣọ bò ó. Ìlù ń dún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń tì í lọ tì í bọ̀, kálukú ń fi ọwọ́ yípo orí, ó ń ju ibi tirẹ̀ sí i. Kámẹ́rà wà níwájú, kámẹ́rà wà lẹ́yìn. Kò gbọdọ̀ kọsẹ̀. Mo ti wo ọdún yìí láti kékeré, àmọ́ lọ́dún tí Màmá bi mí ní ìbéèrè yẹn, mi ò wo igbá. Ẹsẹ̀ ọmọ yẹn ni mò ń wò. Ó ń rọra gbé e, ó ń tẹ ilẹ̀ kó tó gbé èkejì, bí ẹni tó ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ ilẹ̀. Mo sunkún. Kí n tó mọ̀, mo ti ń sunkún láàárín èrò, ẹ̀gbọ́n mi sì rò pé wọ́n ti jí fóònù mi.

Fóònù ò sọnù. Yàrá ìgbàlejò ni mo ń fi í sí báyìí tí n bá fẹ́ sùn. Láàárọ̀, kí n tó mú un, mo máa ń gbé ọwọ́ lé orí mi, mo máa ń kí i. Ẹni tó bá ń kírun, ẹ kírun yín. Ẹni tó bá ń gbàdúrà lórúkọ Jésù, ẹ máa bá a lọ. Èmi mọ ibi tí tèmi ń bà sí. Ọjọ́ mìíràn wà tí kì í bà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aago mẹ́ta òru tún bá mi lójúfò.

A ti padà sọ́dọ̀ Màmá. Aṣọ tí ẹ rí níbẹ̀rẹ̀ yẹn, tèmi ni. Wọ́n ti tún ń rì í bọ inú aró, ẹ wo apá wọn, ó dúdú dé ìgúnpá.

"Màmá, ṣé kò tíì tó ni?"

"Kò tíì mu ún. Padà wá lọ́jọ́rú, ọmọ mi." Wọ́n gbójú sókè. "Kó o sì mú owó mi dání o."