Àlejò Tí Ó Fi Ẹnu Pe Àlàáfíà: Ìdí Tí Àwọn Òǹwòran Kò Fi Fẹnu Kò Lórí Fíìmù The Day the Earth Stood Still

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin òǹwòran wa. Fíìmù kan tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, tí àwọn tí ó ti wò ó kò sì tíì fẹnu kò lórí ohun tí ó ń sọ. Orúkọ rẹ̀ ni The Day the Earth Stood Still, èyí tí a lè pè ní Ọjọ́ Tí Ayé Dúró Gbagidi. Ilé iṣẹ́ 20th Century-Fox ni ó gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1951, Robert Wise ni ó darí rẹ̀, àwòrán dúdú àti funfun ni, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ ìṣẹ́jú 92.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn náà ní ṣókí, nítorí inú ìtàn gan-an ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ kan tí ó rí pẹlẹbẹ bí àwo sọ̀ kalẹ̀ láti òfurufú, ó sì balẹ̀ sí pápá ìṣeré kan ní ìlú Washington. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Klaatu, tí Michael Rennie ṣe ipa rẹ̀, jáde láti inú ọkọ̀ náà, ó ní àlàáfíà ni òun bá wá. Bí ó ti mú ohun kan jáde láti inú aṣọ rẹ̀ ni jìnnìjìnnì bo sójà kan, ó sì yìnbọn fún un. Ẹ̀bùn tí àlejò náà gbé wá fún Ààrẹ Amẹ́ríkà, èyí tí ìbá fi mọ bí ìgbé ayé ti rí nínú àwọn ayé mìíràn, ni ó fọ́ sílẹ̀ yángá yẹn. Nígbà náà ni Gort jáde, rọ́bọ́ọ̀tì onírin tí ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ, ó sì fi ìtànṣán ojú rẹ̀ yọ́ ìbọn àti ọkọ̀ ogun dànù láìfọwọ́ kan ẹnikẹ́ni.

Klaatu fẹ́ bá gbogbo olórí orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n wọn kò lè gbà síbi ìpàdé kan ṣoṣo. Ó yọ́ kúrò ní ilé ìwòsàn tí wọ́n tì í mọ́, ó lọ gba yàrá láàárín àwọn èèyàn lásán, ó sì di ọ̀rẹ́ opó kan tí ń jẹ́ Helen àti ọmọkùnrin rẹ̀. Láti fi agbára rẹ̀ hàn, ó pa iná mọ̀nàmọ́ná gbogbo ayé fún ìdajì wákàtí, àfi ti ilé ìwòsàn àti ti ọkọ̀ òfurufú tí ó wà lójú sánmà. Àwọn sójà tún yìn ín níbọn, ó kú, Gort gbé òkú rẹ̀ lọ sínú ọkọ̀, ó sì jí i dìde. Kí ó tó padà lọ, ó bá àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí wọ́n péjọ síbẹ̀ sọ̀rọ̀: àwọn ayé tí ó rán òun wá ti fi irú Gort ṣe ọlọ́pàá lórí ara wọn, wọ́n sì ti fún wọn ní àṣẹ tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà padà; bí ọmọ aráyé bá gbé ogun wọn lọ sí àwọn ayé mìíràn, ilẹ̀ ayé yóò di eérú.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni ó pín àwọn òǹwòran sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn kan gbà pé iṣẹ́ àlàáfíà ni, wọn kò sì ṣàìní ẹ̀rí. Ìjọba Soviet ti dán àdó olóró átọ́míìkì tiwọn wò ní ọdún 1949, ogun ti bẹ́ sílẹ̀ ní Kòríà ní ọdún 1950, ìbẹ̀rù sì gba gbogbo ìlú kan. Nínú fíìmù mìíràn tí ó jáde ní ọdún 1951 yẹn kan náà, The Thing from Another World, ẹ̀dá abàmì tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ni àlejò òfurufú, àwọn sójà sì ni ó gba ayé là. Níhìn-ín, àlejò ni ó ní sùúrù, sójà ni kò lè dúró gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ètò ààbò kò fẹ́ yá wọn ní ohun èlò ogun nígbà tí wọ́n ka ìwé eré náà, National Guard, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó yá wọn. Fíìmù náà sì gba àmì-ẹ̀yẹ Golden Globe fún bí ó ti mú kí àwọn orílẹ̀-èdè túbọ̀ gbọ́ ara wọn yé.

Àwọn mìíràn ní ìhìn rere ni wọ́n rí. Orúkọ tí Klaatu fi pamọ́ sí láàárín àwọn èèyàn ni Carpenter, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ti ka Bíbélì mọ ẹni tí a pè ní gbẹ́nàgbẹ́nà. Ó kú, ó jí, ó sọ̀rọ̀ ìkìlọ̀, ó gòkè lọ. Edmund North tí ó kọ eré náà jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé òun mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ àjíǹde yẹn bí àwọn tí ń yẹ ìwà inú fíìmù wò ní Hollywood nínú, a sì fi gbólóhùn kan kún un, níbi tí Klaatu ti sọ fún Helen pé agbára ìyè àti ikú jẹ́ ti Ẹ̀mí Olódùmarè nìkan.

Ẹgbẹ́ kẹta ni ọkàn mi fà sí jù. Wọ́n ní kí a tún ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn gbọ́ dáadáa: àlejò fi ẹnu pe àlàáfíà, ó sì fi ọwọ́ mú kùmọ̀. Ta ni ó yan àwọn rọ́bọ́ọ̀tì wọ̀nyí? Ta ni a lè pè wọ́n lẹ́jọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ bí wọ́n bá ṣi ẹ̀sẹ̀ dá? Àwọn tí ó fẹ́ràn fíìmù náà máa ń dáhùn pé Klaatu kò purọ́, ó sọ fúnra rẹ̀ pé àwọn kò pe ara wọn ní aláìlábùkù, ètò tí ó ń ṣiṣẹ́ ni àwọn ní. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ibi tí Klaatu ti kọ́ Helen ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta, Klaatu barada nikto, tí ó ní kí ó sáré lọ sọ fún Gort bí nǹkan kan bá ṣe òun. Ẹ̀rù ohun tí Gort lè ṣe ń ba Klaatu alára. Ẹni tí ó ni ajá tí ó tún ń kọ́ aládùúgbò ní bí a ti ń bá ajá náà sọ̀rọ̀ kí ó má baà bu gbogbo àdúgbò jẹ, ṣé òun ni ó ni ín lóòótọ́? Nínú ìtàn tí Harry Bates kọ ní ọdún 1940, tí a ti fa fíìmù yìí yọ, rọ́bọ́ọ̀tì náà ni ó sọ níkẹyìn pé òun gan-an ni ọ̀gá. Fíìmù náà yọ gbólóhùn yẹn kúrò, síbẹ̀ òjìji rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀.

Ní ti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń ráhùn pé fíìmù náà ń falẹ̀, tí aṣọ rọ́bà tí òṣèré wọ̀ láti ṣe Gort sì ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, n kò bá wọn jà. Ohun tí mo kàn lè sọ ni pé kí wọ́n fi etí sí orin Bernard Herrmann, nínú èyí tí theremin, ohun èlò orin tí a kì í fọwọ́ kàn kí ó tó dún, ti ń ké bí ẹni tí ó sọnù. Àtúnṣe tí Keanu Reeves kópa nínú rẹ̀ ní ọdún 2008 yára jù ú lọ. Ìbàjẹ́ àyíká ni ó fi rọ́pò ọ̀rọ̀ àdó olóró, ọ̀pọ̀ alárìíwísí kò sì fi ibẹ̀ gbóríyìn fún un.

Ẹ tún wo ìparí ti àkọ́kọ́ náà. Klaatu sọ pé àwọn yóò máa retí èsì, òun àti Gort wọ ọkọ̀ wọn, ọkọ̀ gbéra. Gbogbo àwọn onímọ̀ tí a kó jọ láti onírúurú orílẹ̀-èdè dúró síbẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀.