Ìbọn Ìléwọ́ Tí A Fọwọ́ Dì: Ibi Tó Yẹ Kó Há, Ibi Tó Yẹ Kó Dẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀gá fítà tó ń mú irin bá irin mu, ẹ̀yin ọmọṣẹ́, ẹ̀yin ará Àgbádárìgì, ẹ kú ìjókòó o.

Ẹ jẹ́ kí a ti ọ̀rọ̀ òfin kúrò lọ́nà. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ ohun ìjà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ní láìjẹ́ pé Ààrẹ fún un níwèé àṣẹ. Ṣakabùlà ọlọ́dẹ ní ìsọ̀rí tirẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ irin là ń sọ lónìí, a kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìbọn rírọ.

Ìbọn tí a ó yẹ̀ wò ni 1911 tí John Browning ṣe, èyí tí àwọn ológun Amẹ́ríkà gbà wọlé lọ́dún náà gan-an. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Remington Rand tó ń ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé (táípúráítà) ló ṣe èyí tó pọ̀ jù. Singer, àwọn tó ni ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn, ṣe 500. Àṣẹ tí wọ́n gbà ni pé ẹ̀yà ìbọn ilé iṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ wọ inú ti èkejì láìlo fáìlì. Kí ìyẹn tó ṣeé ṣe, àlàfo ní láti wà láàárín irin àti irin. Ẹ mì ín, ó ń ró, ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú ẹrẹ̀. Àwọn tó ń fi ìbọn díje ló wá ń fẹ́ kí ọta máa bá ojú kan náà lemọ́lemọ́, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ ti wọlé: kí a fi fáìlì mú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan bá èkejì mu.

Sláìdì (irin òkè tó ń sún síwá sẹ́yìn) àti férémù (ara ìbọn tí a ń dì mú) ni olùrà máa ń kọ́kọ́ mì. Àwa kì í kà á sí tó bẹ́ẹ̀. Bárẹ̀lì, ọ̀pá tí ọta ń gbà jáde, ni kẹ́ ẹ wò: ṣé ojú kan náà ló ń padà sí nínú sláìdì ní gbogbo ìgbà?

Bárẹ̀lì tí a máa fọwọ́ dì kì í dé ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an. Irin àṣẹ́kù wà ní ahọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ àti ní eyín ìsàlẹ̀ (èyí tó ń jókòó sórí píìnì inú férémù). Fítà á fi inki búlúù kùn ún, á tì í sínú sláìdì, á fà á jáde, á wo ibi tí inki ti họ. Ibẹ̀ nìkan ni fáìlì máa kàn, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, á sì tún kùn ún. Bí ẹ̀gbẹ́ kan ahọ́n náà bá ń họ tí èkejì kò họ, bárẹ̀lì á máa wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Irin tí fáìlì bá ti jẹ kò ṣeé dá padà. Ìdí nìyẹn tó fi ń gba àkókò, tó sì fi wọ́n.

Ní iwájú, àlàfo bíi 0.025 mìlímítà láàárín bárẹ̀lì àti búṣì (òrùka irin tó yí ẹnu bárẹ̀lì ká) ti tó. Ẹni tó bá ní kò gbọdọ̀ sí àlàfo rárá kò mọ bí ìbọn náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí sláìdì bá ń sún sẹ́yìn, líǹkì (irin kékeré tó so bárẹ̀lì mọ́ férémù) á fa ẹ̀yìn bárẹ̀lì sísàlẹ̀ kí eyín òkè rẹ̀ lè tú kúrò nínú sláìdì. Bí búṣì bá gbá a mú yíká, bárẹ̀lì á ká tàbí kí búṣì sán. Ẹni tó mọṣẹ́ á gbẹ́ inú búṣì kí ó fẹ̀ díẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀.

Ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀. Wọ́n lè fi líǹkì tó gùn jù sí i, kí ahọ́n bárẹ̀lì má baà mì bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ (ẹ kọ́kọ́ yọ mágásìnì, kẹ́ ẹ sì wo ilé ọta!). Lójú, ó há dáadáa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe eyín ìsàlẹ̀ ló ń jókòó sórí píìnì mọ́, líǹkì tín-ínrín ló ń gbé gbogbo ẹrù. Bárẹ̀lì kì í wá sọ̀kalẹ̀ tó, eyín òkè á máa ha inú sláìdì, etí wọn á sì kú. Ẹ tú u, kẹ́ ẹ wo etí eyín wọ̀nyẹn: ó gbọ́dọ̀ mú. Ìbọn ìléwọ́ Hi-Power tí ilé iṣẹ́ FN gbé jáde ní Bẹ́ljíọ̀mù lọ́dún 1935 kò ní líǹkì rárá, eyín ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń darí bárẹ̀lì.

Bí bárẹ̀lì bá sọ̀kalẹ̀ tán, etí ẹ̀yìn rẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí ọta ń gbà wọlé, gbọ́dọ̀ fi bíi 0.8 mìlímítà jìnnà sí etí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ inú férémù tí ọta ń gùn wọlé. Bó bá yọ kọjá etí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, imú ọta á kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ á wá máa dán gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà títí, wọ́n á sì ba férémù jẹ́.

Ìkọ́ tó ń fa ìkarahun ọta jáde, ọwọ́ la fi ń tẹ̀ ẹ́. Bó bá le jù, ọta tuntun kò ní lè gùn wọlé sábẹ́ rẹ̀. Bó bá dẹ̀ jù, ìkarahun á dúró gangan sẹ́nu ọ̀nà, sláìdì á sì há.

Ní ti afẹ́fẹ́ òkun wa yìí, irin tí a kàn pa láró dúdú kì í pẹ́ dípẹtà. Irin tí kì í dípẹtà ní wàhálà tirẹ̀: bí sláìdì àti férémù bá le bákan náà, tí wọ́n sì ń ha ara wọn láìsí òróró, wọ́n á jẹra. Nítorí náà ni wọ́n fi ń jẹ́ kí líle wọn yàtọ̀. Gíríìsì fẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ fi sójú ìlà méjèèjì tí sláìdì ń gbà sún lórí férémù. Bí yanrìn bá sì ti wọ ibi tó há, ẹ fọ̀ ọ́ dànù kẹ́ ẹ tó tún fi òróró sí i.